Epson L8180 àti fọ́tò dúdú-òun-funfun: ibi tí 16-bit ti wúlò, àti ibi tí kò ti wúlò

Ẹni tó bá gbé fọ́tò dúdú-òun-funfun lọ tẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́, ì báà jẹ́ ní Tákíè, ì báà jẹ́ ní Under-G lẹ́bàá LAUTECH, nǹkan méjì ló sábà máa ń bá a délé tí kò béèrè fún. Èkíní ni àwọ̀ ewé tàbí àwọ̀ pupa fẹ́ẹ́rẹ́ tó sá pamọ́ sínú àwọ̀ eérú. Èkejì ni ìlà-ìlà tó yí ojú ọ̀run tàbí aṣọ ẹ̀yìn ká bí àtẹ̀gùn. Ẹjọ́ íǹkì ni ti àkọ́kọ́. Ẹjọ́ fáìlì ni ti èkejì lọ́pọ̀ ìgbà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé pírǹtà ni gbogbo ayé máa ń bú. Epson L8180 tí à ń yẹ̀ wò yìí gbọ́ ẹjọ́ àkọ́kọ́, ó sì dá a dáadáa. Kò lè dá èkejì, kò sì sí pírǹtà tó lè dá a, torí pé kí fáìlì tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni nǹkan ti bàjẹ́.

Ti pírǹtà ni ká kọ́kọ́ sọ. L8180 ń gba íǹkì láti inú ìgò, kì í lo kátíríìjì, ó sì ń tẹ pépà tó fẹ̀ dé A3+, ìyẹn ínǹṣì 13 sí 19. Íǹkì mẹ́fà ló wà nínú rẹ̀. Dúdú méjì ni: ọ̀kan wà fún pépà lásán àti pépà tí kò dán, ìkejì, Photo Black, wà fún pépà dídán. Lẹ́yìn ìyẹn ni cyan, magenta àti yẹ́lò. Ẹ̀kẹfà ni èyí tí ọ̀rọ̀ yìí dá lé: íǹkì eérú gan-an, nínú ìgò tirẹ̀.

L805 àti L1800, tó kún àwọn ṣọ́ọ̀bù wa, náà ní íǹkì mẹ́fà, ṣùgbọ́n dúdú kan ṣoṣo ni wọ́n ní. Cyan fẹ́ẹ́rẹ́ àti magenta fẹ́ẹ́rẹ́ ló gba àyè tó kù. Fún awọ ara ní kọ́lọ̀, èyí dára púpọ̀. Fún dúdú-òun-funfun, ìṣòro dé: kí wọ́n tó lè tẹ eérú fẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n ní láti po cyan, magenta àti yẹ́lò pọ̀, tí ọ̀kan bá sì fi bíńtín ju ìyókù lọ, ojú á rí i. Ojú ènìyàn kì í gbójú fo àwọ̀ eérú tó yẹ̀. Bí ẹ bá wá fipá mú wọn kí wọ́n fi dúdú nìkan tẹ̀ ẹ́, àwọ̀ ewé á lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ibi ìmọ́lẹ̀, bíi lẹ́ẹ̀sì funfun tàbí irun orí àgbàlagbà, á máa hàn ní tótò-tótò bí iyèré tí wọ́n wọ́n sórí gààrí funfun. Íǹkì eérú ti L8180 bọ́ sáàárín méjèèjì: ó kún ibi tí tótò dúdú ìbá ti hàn, kò sì jẹ́ kí pírǹtà gbára lé kọ́lọ̀ mẹ́ta púpọ̀. Ìdí pàtàkì tó fi yẹ kí oníṣọ́ọ̀bù tó ń tẹ dúdú-òun-funfun déédéé ná owó sí i nìyẹn.

Láàbù ńlá tó ń fi ìmọ́lẹ̀ tẹ fọ́tò sórí pépà, tí wọ́n sì ń fọ̀ ọ́ nínú kẹ́míkà, kò ní tótò kankan. Fọ́tò rẹ̀ máa ń jọ̀lọ̀. Ṣùgbọ́n pépà kọ́lọ̀ náà ni wọ́n fi ń tẹ dúdú-òun-funfun, nítorí náà bí kẹ́míkà bá ṣe wà lọ́jọ́ yẹn ni eérú yóò ṣe rí. Fún igba fọ́tò ìkẹ́kọ̀ọ́jáde, láàbù ni kí ẹ lọ. Fún ẹyọ kan tí wọ́n máa fi kọ́ sí pálọ̀, ẹ dúró ti L8180.

Ó wá kan ọ̀rọ̀ bit, ìyẹn òǹkà tó ń sọ iye ipele tí fáìlì lè gbà láti dúdú dé funfun, níbi tí àṣìṣe pọ̀ sí jù lọ.

Àtẹ̀gùn ni fọ́tò dúdú-òun-funfun, láti orí dúdú bíi kóró iṣin títí dé orí funfun bí ẹ̀gbọ̀n òwú. Fáìlì 8-bit ní ipele 256 lórí àtẹ̀gùn yẹn. Fáìlì 16-bit lè ní 65,536. Ẹni tó ti gbọ́ pé JPEG ní àwọ̀ tó lé ní mílíọ̀nù 16 lè sọ pé kí ló wá kù. Ṣùgbọ́n ìṣirò mílíọ̀nù 16 yẹn, 256 ti pupa ni, ìlọ́po 256 ti ewé, ìlọ́po 256 ti búlúù. Nínú àwọ̀ eérú, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbọ́dọ̀ dọ́gba: 80, 80, 80, lẹ́yìn rẹ̀ 81, 81, 81. Kò sí ohun tó wà láàárín méjèèjì. Ipele 256 náà ló ṣẹ́ kù, yálà ẹ pè é ní RGB tàbí Grayscale. Ìdí nìyí tí fáìlì kan náà fi lè jọ̀lọ̀ ní kọ́lọ̀, kó sì di àtẹ̀gùn gbàrà tí wọ́n bá ti yọ kọ́lọ̀ kúrò lára rẹ̀.

Ipele 256 tó ojú ènìyàn, bí ẹnikẹ́ni kò bá fọwọ́ kàn án. Iṣẹ́ tí à ń ṣe sí fọ́tò ló ń jẹ wọ́n tán.

Ẹ mú fọ́tò àtijọ́ kan, irú èyí tí ẹbí máa ń gbé wá kí wọ́n sọ ọ́ di ńlá fún ìrántí ìyá tàbí bàbá àgbà. Bàbá jókòó sórí àga, ìyá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ilà ojú wọn hàn fẹ́ẹ́rẹ́. Fọ́tò náà ti ṣá: dúdú rẹ̀ ti di eérú, funfun rẹ̀ ti di àwọ̀ tíì. Ká ní sikánà kà á ní 8-bit, tí ibi tó dúdú jù lọ jẹ́ 70, tí ibi tó mọ́lẹ̀ jù lọ jẹ́ 190. Ipele 121 péré ló wà níbẹ̀. Ìgbà tí ẹ bá ṣí Levels (ibi tí a ti ń tún dúdú àti funfun fọ́tò ṣe nínú Photoshop), tí ẹ fa dúdú dé 70 tí ẹ sì fa funfun dé 190, ipele 121 yẹn kan náà ni ẹ nà kó lè dé gbogbo àyè 256. Àyè 135 á ṣófo. Ẹ wo hístógíràmù, àwòrán tó ń fi ohun tó wà lórí ipele kọ̀ọ̀kan hàn, ó ti di òòyà. Lórí ẹ̀rẹ̀kẹ́ bàbá, níbi tí òkùnkùn ti ń yọ́ wọnú ìmọ́lẹ̀, etí ipele kọ̀ọ̀kan á bẹ̀rẹ̀ sí í hàn. Ilà ojú tó jẹ́ pé ipele méjì mẹ́ta péré ló fi yàtọ̀ sí awọ tó yí i ká, á le bí ohun tí wọ́n fi báírò fà, tàbí kó pòórá.

Ká ní 16-bit ni wọ́n fi kà á, àyè láàárín 70 sí 190 yẹn gba ipele 30,976. Ẹ nà án bí ẹ ṣe fẹ́. Nígbà tí ẹ bá dín in kù sí 8-bit níkẹyìn, gbogbo àyè 256 ló máa ní ohun tó kún un. Òòyà kò sí níbẹ̀, ilà ojú á sì wà lójú bó ṣe wà lójú wọn láyé.

Nítorí náà, láti orí sikánà ni iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Sikánà orí L8180 dára fún ìwé àti fún fọ́tò tí kò tíì ṣá. Fún èyí tó ti ṣá, ẹ wá sikánà fọ́tò bíi Epson Perfection V600, kí ẹ sì yan 16-bit Grayscale ní Image Type. Ẹ pa àtúnṣe aládàáṣe rẹ̀ kí ó má baà gé ibi ìmọ́lẹ̀ dànù. Fọ́tò ínǹṣì 4 sí 6 tí ẹ kà ní 600 dpi (ègé 600 nínú ínǹṣì kan) á fún yín ní píséẹ̀lì, ìyẹn ègé wẹ́wẹ́ tó para pọ̀ di fọ́tò, 2400 sí 3600, ìyẹn sì tó tẹ 8 sí 12 ní 300 dpi. TIFF, irú fáìlì tó ń gba 16-bit, ni kí ẹ fi pamọ́. JPEG kò mọ 16-bit; bí ẹ bá fi JPEG pa á mọ́, ẹ ti sọ gbogbo ohun tí ẹ kó jọ nù.

Iṣẹ́ kejì tó ń jẹ ipele ni sísọ kọ́lọ̀ di dúdú-òun-funfun. Ẹ wo fọ́tò ìgbéyàwó tí bàbá ìyàwó wọ etù, tí ìyá wé gèlè àlàárì. Ní kọ́lọ̀, aró àti osùn kò jọra rárá. Ẹ tẹ Grayscale lásán, àwọn méjèèjì lè di eérú kan náà, tí ẹ ò ní mọ ibi tí gèlè pin sí nígbà tó bá wà níwájú agbádá. Ohun tó tọ́ ni kí ẹ lo Black & White nínú Photoshop, tàbí Channel Mixer, kí ẹ fúnra yín yan èwo ló máa mọ́lẹ̀. Bí ẹ bá gbé Reds sókè, àlàárì á mọ́lẹ̀, awọ ara náà á sì mọ́lẹ̀ bá a, torí pé pupa àti ọsàn ló pọ̀ jù nínú awọ wa. Bí ẹ bá gbé Blues sókè kí ìlà tín-ín-rín ara etù lè hàn, ẹ rọra ṣe é. Búlúù ni yanrìn (noise, ìyẹn tótò wẹ́wẹ́ tí kò sí lára ohun tí a yà) pọ̀ sí jù lọ nínú kámẹ́rà, pàápàá lábẹ́ gílóòbù aláwọ̀ yẹ́lò inú gbọ̀ngàn. Bó bá tún jẹ́ JPEG, ó burú ju ìyẹn lọ: JPEG ń pín fọ́tò sí igun-mẹ́rin píséẹ̀lì 8 sí 8, ó sì sábà máa ń dín kúlẹ̀kúlẹ̀ kọ́lọ̀ kù ju ti ìmọ́lẹ̀ lọ. Ẹ ti Blues lọ sókè gan-an, igun-mẹ́rin wọ̀nyẹn á jáde lára etù bí táìsì ilẹ̀.

Ìdí tí onífọ́tò fi gbọ́dọ̀ máa ya RAW (fáìlì tí kámẹ́rà kò tíì tún ṣe di JPEG) nìyẹn, bó bá mọ̀ pé dúdú-òun-funfun ni wọ́n máa tẹ̀. RAW 12-bit ní ipele 4,096, ti 14-bit ní 16,384. Ṣùgbọ́n wọn kì í pín wọn dọ́gba. Sítọ́pù ni ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ tí ọ̀kan jẹ́ ìlọ́po méjì èyí tó tẹ̀ lé e; èyí tó mọ́lẹ̀ jù lọ nìkan ló ń gba ìdajì. Nínú 12-bit, sítọ́pù àkọ́kọ́ gba 2,048, èkejì 1,024, ẹ̀kẹta 512. Nígbà tí ẹ bá máa fi dé ẹ̀kẹfà, níbi tí ìṣẹ́po agbádá etù máa ń wà, 64 péré ló kù. Nínú 14-bit, ibì kan náà yẹn ní 256. Ẹni tó ya fọ́tò tó ṣókùnkùn pẹ̀lú èrò pé òun á gbé e sókè nínú kọ̀ǹpútà, inú 64 yẹn ló ti fẹ́ ṣe gbogbo iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ tó láti inú kámẹ́rà, láì jẹ́ kí lẹ́ẹ̀sì funfun jóná.

Ẹni tí kò ní Photoshop kò pàdánù ohun kankan. GIMP láti 2.10 sókè ń ṣe 16-bit (Image, Precision, 16 bit integer), ọ̀fẹ́ ni; darktable àti RawTherapee ń ṣí RAW, ọ̀fẹ́ ni àwọn náà. Nínú Photoshop, Image, Mode, 16 Bits/Channel ni. Bí ẹ bá yí JPEG sí 16-bit, ẹ má retí ipele tuntun. Omi ife kan tí ẹ dà sínú àgbá, omi ife kan náà ni. Ṣùgbọ́n ó ṣì wúlò, torí pé iṣẹ́ tí ẹ bá ṣe láti ìgbà yẹn lọ kò ní máa jẹ lára ìwọ̀nba tó kù. Bí ìlà-ìlà bá ti wọ ojú ọ̀run ṣáájú, ẹ wà ní 16-bit, ẹ fi Add Noise 1% sí 2%, Gaussian, Monochromatic, sí ojú ọ̀run yẹn nìkan. Yanrìn díẹ̀ yẹn á yọ́ etí àwọn ipele, kò sì ní hàn lórí pépà bó ṣe ń hàn lójú kọ̀ǹpútà. Fọ́tò ìgbà ọyẹ́, tí ojú ọ̀run rẹ̀ máa ń rí bí eérú kan ṣoṣo tó ń yọ́ lọ díẹ̀díẹ̀, ni èyí ti ń wúlò jù.

Fọ́tò tó bá ti orí WhatsApp wá, kí wọ́n fi ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí Document. Èyí tí wọ́n fi ránṣẹ́ lásán, WhatsApp ti dín in kù kó tó dé.

Ní ti títẹ̀ fúnra rẹ̀, a ó sọ ọ́ bó ṣe rí: lórí Windows, tí ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù ń lò, ọ̀nà tí fọ́tò ń gbà dé inú dráífà pírǹtà (ètò inú kọ̀ǹpútà tó ń darí pírǹtà), 8-bit ni. Kò sí ohun tí TIFF 16-bit fi ń ju 8-bit lọ nígbà tó bá dé ibẹ̀, bó bá jẹ́ pé inú 16-bit ni wọ́n ti ṣe iṣẹ́ lórí àwọn méjèèjì tán. Ẹ tẹ méjèèjì sórí pépà kan náà, ẹ gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ẹ ò ní mọ̀ wọ́n yàtọ̀. Ẹni tó bá ní kí ẹ san owó lé owó torí pé òun ń tẹ̀ ní 16-bit lórí Windows, ẹ má san án. Fáìlì 12 sí 16 ínǹṣì ní 300 dpi jẹ́ píséẹ̀lì 3600 sí 4800: ní Grayscale 8-bit ó tó MB 17, ní RGB 16-bit ó lé ní MB 103. Ẹ fi èyí tó tóbi pamọ́ sílé, ẹ gbé èyí tó kéré lọ sí ṣọ́ọ̀bù.

Ètò tó ń fún wa ní eérú tó dọ́gba jù lórí L8180 rèé. Nínú Photoshop Print, ẹ yan Photoshop Manages Colors, ẹ yan profile pépà náà gan-an (fáìlì tó ń sọ bí àwọ̀ ṣe ń rí lórí pépà yẹn), Relative Colorimetric, ẹ sì fi àmì sí Black Point Compensation. Lẹ́yìn náà ẹ wọ inú dráífà, ẹ pa àtúnṣe kọ́lọ̀ rẹ̀ pátápátá. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà: tí Photoshop bá ń tún kọ́lọ̀ ṣe, tí dráífà náà tún ń tún un ṣe, fọ́tò á pọ́n tàbí kó ní àwọ̀ ewé, wọ́n á wá ní íǹkì ni kò dára. Bó bá jẹ́ pépà ọjà tí kò ní profile ni, ẹ ṣe òdìkejì rẹ̀: Printer Manages Colors, kí ẹ sì fi àmì sí Grayscale nínú dráífà. Irú pépà tí ẹ bá yàn nínú dráífà ló ń sọ dúdú tí pírǹtà máa lò. Ẹni tó fi pépà dídán sínú ẹ̀rọ tó wá yan pépà lásán, dúdú ti pépà lásán ló máa lọ sórí rẹ̀, á máa kúrò bí ẹ bá fọwọ́ nù ún. Quality kí ó wà ní High, kí ẹ sì yọ àmì kúrò ní Bidirectional tàbí High Speed.

Kí ẹ tó fi odindi A3+ ṣòfò, ẹ gé pépà A4 sí méjì, ẹ tẹ àtẹ̀gùn eérú oníhà 21, ìyẹn apá 21 tó ń mọ́lẹ̀ sí i, sórí ìdajì kan, láti 0 dé 255. Ní gbangba, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ni kí ẹ ti wò ó. Ẹ ka iye ihà tó yàtọ̀ síra ní ìsàlẹ̀, lápá dúdú. Bí ihà kejì tàbí ẹ̀kẹta bá ti wọnú dúdú, ẹ mọ̀ pé ìṣẹ́po etù á wọ̀ ọ́ bákan náà. Ẹ gbé òkùnkùn sókè díẹ̀ nínú fáìlì, ní 16-bit. Lẹ́yìn náà ẹ gbé e sábẹ́ gílóòbù ṣọ́ọ̀bù. Bí eérú bá yí padà láàárín méjèèjì, kọ́lọ̀ ṣì pọ̀ nínú àdàlú yẹn.

Ìlà-ìlà wá ńkọ́, tí ẹ bá ti tẹ̀ ẹ́ tán? Ẹ má tíì fọ orí pírǹtà, torí íǹkì ni ẹ fi ń fọ̀ ọ́. Ẹ yí fọ́tò náà po nínú kọ̀ǹpútà, kí èyí tó dúró ṣanṣan wá dùbúlẹ̀, kí ẹ tún un tẹ̀. Bí ìlà náà bá yí pẹ̀lú fọ́tò, tó ṣì ń tẹ̀ lé ìrísí ìmọ́lẹ̀ bí omi tó ń yí òkúta ká, inú fáìlì ló wà. Bí ó bá ṣì dúró sí ọ̀nà tí orí pírǹtà ń gbà lọ bọ̀, tó gùn gbọọrọ, tó jìnnà síra déédéé, tó sì gba ojú àti aṣọ kọjá láì yà, pírǹtà ni: ẹ ṣe nozzle check (àyẹ̀wò ihò íǹkì), kí ẹ wo ti eérú dáadáa, torí pé nínú fọ́tò kọ́lọ̀ ó lè dí díẹ̀ láì hàn, nínú dúdú-òun-funfun kò ṣeé fi pamọ́.

Ọyẹ́ ni ọ̀tá orí pírǹtà. Afẹ́fẹ́ gbẹ, eruku pọ̀, íǹkì sì ń gbẹ sẹ́nu ihò. Nozzle check ní àràárọ̀, kí ẹ sì tẹ ohun kan ó kéré tán lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Bí NEPA bá mú iná lọ nígbà tó ń tẹ̀, orí rẹ̀ á dúró sí àárín láì ní ìdérí. Íńfátà tàbí UPS kì í ṣe àṣejù fún ẹ̀rọ yìí. Bọ́tìnnì ara rẹ̀ ni kí ẹ fi pa á, kì í ṣe ti ògiri.

Àléébù rẹ̀ wà. Dáì, íǹkì tí àwọ̀ rẹ̀ yọ́ sínú omi, ni íǹkì tó ń lò fún pépà dídán, ìtànṣán oòrùn á sì mú kó ṣá, nítorí náà abẹ́ gíláàsì ni fọ́tò gbọ́dọ̀ wà, kí ó sì jìnnà sí fèrèsé. Eérú kan ṣoṣo ló ní. Ẹni tó ń ta fọ́tò fún ìpàtẹ, tó fẹ́ kí dúdú orí pépà tí kò dán jinlẹ̀, SureColor P700 tàbí P900 tó ní íǹkì mẹ́wàá, eérú, eérú fẹ́ẹ́rẹ́ àti ètò dúdú-òun-funfun tirẹ̀ ló yẹ ẹ́, bí agbára rẹ̀ bá ká kátíríìjì. Fún ṣọ́ọ̀bù tó ń tẹ fọ́tò ìrántí, ìgbéyàwó àti ti akẹ́kọ̀ọ́ pọ̀ mọ́ra ní ìlú yìí, L8180 tó, ó sì sàn ju L805 lọ gan-an fún iṣẹ́ yìí. Àpótí tó ń gba íǹkì ìfọ̀ nù tún ṣeé pààrọ̀ fúnra ẹni, láì gbé e tọ oníṣẹ́ lọ.

Ohun kan tó kù: ẹ má ṣèdájọ́ eérú fọ́tò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde. Ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ di ọjọ́ kejì kí ẹ tó wò ó, kí ẹ tó fi gíláàsì bò ó.